Mò Ń Ra Lẹ́ǹsì Láìjẹ́ Kí Ìyàwó Mi Mọ̀

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, fọ́tò yíyà ni mo sì fi ń dára yá lópin ọ̀sẹ̀. Ọdún 3 sẹ́yìn ni mo ra kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì 18-55mm tó bá a wá. Lónìí, lẹ́ǹsì 9 ni mo ní, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti àtijọ́. Ọ́fíìsì ni mo ń ní kí wọ́n máa gbé wọn wá, màá wá yọ́ gbé wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi rí rìsíìtì kan lóṣù tó kọjá. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, 'Fọ́tò wa dà?' N kò rí èsì fọ̀. Ní báyìí mo fẹ́ yá owó ra 70-200mm f/2.8, torí ọmọ wa obìnrin ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì nínú gbọ̀ngàn, gbogbo fọ́tò tí mo bá sì yà níbẹ̀ ló ń ṣe bàìbàì. Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n ta gbogbo wọn kí ọkàn wa balẹ̀?"

Àbúrò mi, apá kan lẹ́tà rẹ nìkan ni mo tẹ̀ síta, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni mo kà. Má yá owó náà. Má sì ta gbogbo wọn. Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn, torí òun ló ń kán ọ lójú jù.

Nínú àwọn lẹ́ǹsì tí o tò sílẹ̀ fún mi, mo rí 85mm f/1.8 kan tí o ní inú dúrọ́ọ̀ ló máa ń wà. Òun ni kí o gbé lọ sí ìdíje tó ń bọ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé bí mm lẹ́ǹsì bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra sí i, àti pé bí nọ́ńbà f bá ṣe ń kéré sí i ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe ń fẹ̀ sí i. Tí o bá fa 18-55mm rẹ dé 55mm, f/5.6 ló máa ń dúró sí. f/2.8 tí o fẹ́ tìtorí ẹ̀ jẹ gbèsè máa gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 4 ti ìyẹn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n f/1.8 tó ti wà nílé rẹ ń gba ju ìlọ́po 9 lọ.

Ojú wa máa ń tàn wá nínú gbọ̀ngàn. Lójú tiwa, iná tàn kedere. Lójú kámẹ́rà, òkùnkùn ni. Á wá jẹ́ kí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà, pẹ́ ní ṣíṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè tó, kí ṣọ́tà sì tó pa dé, ọmọ ti fò, bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Gbé ṣọ́tà sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, fi lẹ́ǹsì sí f/2, kí o sì jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, gòkè dé 3200, kódà kó kọjá bẹ́ẹ̀. Fọ́tò á ní hóró wínníwínní lára, mo mọ̀. Hóró ṣe é dín kù lórí kọ̀ǹpútà. Ojú ọmọ tó ti fà gbọọrọ nínú fọ́tò kò ṣe é tún ṣe. Bí wọ́n bá gbà ọ́ láyè, dúró sẹ́yìn ìlà ìparí pápá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àwọ̀n, kí àwọn ọmọ máa sáré bọ̀ wá bá ọ. Níwọ̀n bí sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀) inú kámẹ́rà rẹ ti jẹ́ APS-C, tó kéré ju ti full frame lọ, 85mm yẹn á fà wọ́n mọ́ ọ bí ẹni pé nǹkan bí 130mm lo gbé sórí kámẹ́rà full frame.

Mi ò sọ pé 70-200mm f/2.8 kò dára. Ẹni tó bá ń fi fọ́tò eré ìdárayá jẹun mọ iyì rẹ̀, torí ó lè fa ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán mọ́ra, kó sì tún padà sí tòsí láìyọ lẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wúwo ju kílógíráàmù 1 lọ, nígbà tí 85mm rẹ kò tó ìdajì ẹ̀. Lo 85mm yìí dáadáa ní ìdíje mélòó kan ná. Bí o bá rí i pé apá rẹ̀ kò ká a lóòótọ́, háyà 70-200mm fún ọjọ́ kan, kí o fi ya ìdíje kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí o bá rí lọ́jọ́ náà, gbà á gbọ́ ju gbogbo fídíò tí ò ń wò lóru lọ.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tó dùn mí. O ka lẹ́ǹsì 9 fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú mm wọn àti f wọn. Fọ́tò tí o mẹ́nu bà kò ju àwọn tó bàjẹ́ lọ. Adùn ríra lẹ́ǹsì sún mọ́ adùn fọ́tò yíyà gan-an, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi lè gba ipò èkejì láìfura: èèyàn á wádìí, á fi ti ibí wé ti ọ̀hún, á máa retí páálí, á ṣí i, inú á dùn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á sì kọjá láìtẹ ṣọ́tà. Lálẹ́ òní, ṣí fóódà fọ́tò rẹ, kí o ṣa àwọn tí o fẹ́ràn jù láti ọdún kan sẹ́yìn. Kámẹ́rà máa ń kọ iye mm tí o lò sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Kọ wọ́n sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé 35mm ló ń jáde ṣáá, bí ojú rẹ ṣe ń rí ayé nìyẹn, lẹ́ǹsì tó yẹ kí o náwó lé lórí sì nìyẹn. Lẹ́yìn náà, rántí àwọn fọ́tò tó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, kí o bi ara rẹ pé kí ló fà á. Ṣé ìmọ́lẹ̀ ni? Ṣé o jìnnà jù ni? Àbí o kò sí níbẹ̀ lásìkò? Ti ìkẹyìn yìí, kò sí lẹ́ǹsì tó lè wò ó sàn.

Àwọn mẹ́ta ti àtijọ́ yàtọ̀. Helios 44-2 rẹ, 58mm f/2 tí wọ́n ṣe ní Soviet Union lórí àwòṣe lẹ́ǹsì Biotar ti Zeiss, ilé iṣẹ́ lẹ́ǹsì ti Jámánì, ó tọ́ kí èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Nínú fọ́tò rẹ̀, ewé tó wà lẹ́yìn ẹni tí ò ń yà á dà bí ẹni pé ó ń yí po, òrùka rẹ̀ méjì á máa yí wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka, ọ̀kan láti yan nọ́ńbà f, èkejì láti ṣí ihò náà àti láti pa á dé. Kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Pè é ní àkójọ, yọ owó tirẹ̀ sọ́tọ̀, má sì fi pe irinṣẹ́ tí o kò lè ṣe láìní.

O ní o rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn nínú ọ̀kan nínú wọn. Èyí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la o. Pa iná yàrá, ṣí ihò lẹ́ǹsì náà gbayawu, tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, kí o máa wò ó láti iwájú, kí o máa dà á sọ́tùn-ún sósì. Eruku díẹ̀ kì í ṣe nǹkan, kì í hàn nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìlà tín-ín-rín tó ń yọ ẹ̀ka, tó ti etí dígí wá sí àárín, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, irú èyí tó máa ń hù lára awọ tí a kó sí ibi tó ní ọ̀rinrin. Bó bá pẹ́, á jẹ ohun tí wọ́n fi kun ojú dígí náà, kò sì ní ṣe é nù kúrò mọ́. Yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó kù, kí o gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú lẹ́ǹsì. Kó àwọn yòókù kúrò nínú báàgì aláwọ tí o tì bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Inú ike tó ní ìdérí pinpin ló yẹ wọ́n, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin, irú tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin sínú ẹ̀, kó máa wà láàárín ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́ǹsì tí a fi pamọ́ sínú òkùnkùn ni fọ́ńgọ́ọ̀sì fẹ́ràn jù. Èyí tó ń jáde síta, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kì í tètè mú un.

Ó wá ku ìyàwó rẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò bi ọ́ ní iye tí o ra lẹ́ǹsì. Fọ́tò yín ló bèèrè. Nígbà tí ẹ bá dá wà, kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jáde sórí tábìlì, kí o sọ iye tí o ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má dín in. Má ṣàlàyé f/1.8 fún un lọ́jọ́ náà. Tọrọ àforíjì fún pípa tí o pa á mọ́, má tọrọ àforíjì pé o fẹ́ràn fọ́tò. Kí ẹ jọ fẹnu kò lórí iye tí o lè ná láìbèèrè. Ohun tó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ jọ sọ ọ́ kí o tó sanwó. Páálí tó bá tún ń bọ̀, ilé ni kó máa bọ̀ tààrà. Kí o sì tẹ fọ́tò jáde sórí ìwé, ó kéré tán èyí tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ìbéèrè rẹ̀ lè rí èsì.

Ní ti títà, 50mm méjì lo ní, f/1.8 àti f/1.4. Ìmọ́lẹ̀ tí f/1.4 ń gbà kò tó ìlọ́po 2 ti èkejì, nítorí náà mú èyí tó bá ọ lára mu, kí o ta ìkejì. Èyíkéyìí tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ mm tí o ṣe lálẹ́, tí kì í sì í ṣe ti àkójọ, tà á pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n fi 18-55mm sílẹ̀, kò ní mú owó gidi wá. O kọ pé ọmọ rẹ máa ń já kámẹ́rà gbà lọ́wọ́ rẹ. Fi lẹ́ǹsì yẹn sí i fún un, kí ó máa ya ìwọ àti ìyá rẹ̀.