Àwo orin mẹ́ta tí ọmọ mi kọ sára ògiri

Ìbéèrè: Ọ̀kún o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọ Mọpà ni mí, Kánádà la wà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, kọ orúkọ àwo tó gbádùn jù lọ́dún 2024 sára ògiri: Morayo ti Wizkid, Lungu Boy ti Asake, Born in the Wild ti Tems. Ó ń kọ orin Asake dópin, àmọ́ tí mo bá bi í léèrè ìtumọ̀, ṣe ló máa ń wò mí. Ṣé kí n gba fóònù náà, kí n jókòó kọ́ ọ ní Yorùbá gidi?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Ọmọ tó há odindi àwo sórí ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́. Ìtumọ̀ ló kù.

Orúkọ àwo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ló bi mí pé kí ni lungu. Mo mọ̀ pé kọ̀rọ̀ àdúgbò ni, àmọ́ a ṣì pe màmá mi ní Ìsánlú. Màmá bú sẹ́rìn-ín: "Háúsá mà ni!" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí àwa Yàgbà ṣe wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, bá a ṣe bọ́ sí Kwárà, kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ lọ́dún 1991. Ogójì ìṣẹ́jú! Ibi tí kò bá yé ọmọ, èmi ni mò ń tú u fún un. Tẹ́lẹ̀, "ẹ káàárọ̀ mà" nìkan ló máa ń sọ fún wọn.

Ní ti Morayo, orúkọ ìyá Wizkid ni, ìyá tó kú lọ́dún 2023. Ẹ jẹ́ kó já a sí wẹ́wẹ́: mo, rí, ayọ̀. Kó wá já orúkọ tirẹ̀ náà. Ọmọ mi kọ tirẹ̀ sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó di alẹ́, ó mú báírò padà lọ fi àmì sábẹ́ ọ tó gbàgbé.

Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ti Tems. Ẹ jẹ́ kó máa gbádùn rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé Yorùbá inú àwọn àwo yìí kì í ṣe Yorùbá ilé wa. Ẹnu Yàgbà ò sí níbẹ̀. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi á mú ẹsẹ orin kan, á kà á fún màmá, màmá á sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, a ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. A ti ní mọ́kànlá báyìí.

Ṣé ìyá yín ṣì wà ní Mọpà? Ẹ pè wọ́n lọ́sàn-án Sátidé lọ́dọ̀ yín. Ilẹ̀ á ti máa ṣú lọ́hùn-ún, wọ́n á ti toko dé.