Ìbéèrè Yín: Kọ̀ǹpútà Wo Ni Kí N Rà fún Ọmọ Mi Tó Ń Lọ sí Yunifásítì?

Olóòtú wa, mo kí yín o. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Kétu. Ọmọ mi ọkùnrin yege nínú ìdánwò BAC, ó sì fẹ́ lọ kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Mo ti ya 170,000 sẹ́fà sọ́tọ̀ láti fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un, ṣùgbọ́n ó ní kí ó jẹ́ èyí tí òun lè fi gbá géèmù bọ́ọ̀lù nígbà tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Ẹnìkan fi ọ̀kan tuntun hàn mí ní Kútọ̀nu. Ẹlòmíràn ní kí n ra tòkunbọ̀ tí wọ́n kọ i7 sí lára. Èwo ni kí n mú? Ṣé géèmù yìí kò sì ní sọ owó mi dòfo? — Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Kétu

Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ géèmù: kọ̀ǹpútà tí yóò ṣe iṣẹ́ ìwé dáadáa títí ọmọ yín yóò fi gba oyè náà ni yóò gbá bọ́ọ̀lù tí ó ń wí, ẹ kò ní san owó ọ̀tọ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tí ó ṣòro ni bí a ṣe ń dá irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ tí wọ́n tò sórí àtẹ.

Ẹ fi tuntun yẹn sílẹ̀. Ní iye owó tí ẹ ní, ohun tí a sábà máa ń bá nínú kọ̀ǹpútà tuntun ni ọpọlọ Celeron tí agbára rẹ̀ kéré, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tí kò ju 4 GB lọ, àti ibi ìpamọ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní eMMC, tí wọ́n jó mọ́ inú rẹ̀ débi pé a kò lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la. Ó ń dán, kò wúwo, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ọmọ yín yóò fi máa dúró dè é bí èrò tí ó wọ ọkọ̀ tí kò tíì kún ní ìdíkọ̀. Tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà, kí ó sì jẹ́ èyí tí iléeṣẹ́ fi ṣiṣẹ́ rí. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ wọn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, díẹ̀ nínú wọn a sì dé etíkun wa. Dell Latitude, HP EliteBook àti Lenovo ThinkPad ni orúkọ tí ẹ óo rí lára wọn. Wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n lè pẹ́, a lè ṣí ìdí wọn láti pààrọ̀ bátìrì, nínú ọ̀pọ̀ wọn a sì lè fi RAM kún èyí tó wà níbẹ̀.

Ní ti i7 tí wọ́n sọ fún yín, ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ òbí ń gbà ṣòfò, ó sì máa ń dùn mí. Orúkọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ Intel ń ṣe ni i7 àti i5, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín. Nọ́mbà tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń sọ ọ́. Bí ẹ bá rí i5-8250U, 8 tí ó ṣáájú nọ́mbà náà fi hàn pé ìran kẹjọ ni, èyí tí Intel gbé jáde ní ọdún 2017. Bí ẹ bá rí i7-5600U, ìran karùn-ún ni, ti ọdún 2015. Ọwọ́ méjì péré (tí wọ́n ń pè ní core) ni i7 yẹn fi ń ṣiṣẹ́, nígbà tí i5 yìí ní mẹ́rin, síbẹ̀ ẹni tí ó ń tà á lè pe i7 ní owó gọbọi nítorí orúkọ lásán. Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi dúró lórí ìran kẹjọ: Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10, ètò tí ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba ọpọlọ Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ní ti AMD, iléeṣẹ́ mìíràn tí ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Ryzen, ẹ má ṣe ra alágbèéká tí Ryzen rẹ̀ kéré sí onínọ́mbà 3000.

Inú RAM ni ọ̀rọ̀ géèmù wà jù. Kọ̀ǹpútà irú èyí kò ní ẹ̀rọ àwòrán lọ́tọ̀. Ara ọpọlọ rẹ̀ ni ohun tí ń ya àwòrán wà, inú RAM ni ó sì ti ń yá àyè tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Bí RAM bá jẹ́ 4 GB, Windows ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè fún 8 GB, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹyọ kan ni tàbí méjì. Ẹyọ 4 GB méjì sàn fún géèmù ju ẹyọ 8 GB kan lọ, nítorí ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ọmọge méjì bá jọ ń pọnmi sínú àmù kan dípò ẹnì kan ṣoṣo tí ń lọ tí ń bọ̀. Bí ẹ bá rí Ryzen 5 3500U ní iye kan náà, ẹ mú un, nítorí ohun ìyàwòrán Vega tí ó wà nínú rẹ̀ lágbára ju ti i5 ìran kẹjọ lọ. PES 2017 tí í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù, Minecraft àti Counter-Strike 1.6 yóò ṣiṣẹ́ lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì bí ó bá dín dídán àwòrán kù díẹ̀. Àwọn géèmù ńláńlá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò ní ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí ọmọ yín mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tí wọ́n dìídì ṣe fún géèmù tàn án: ooru wọn pọ̀, bátìrì wọn kì í pẹ́, kò sì dájú pé yóò rí ibi tí yóò ki ṣájà bọ̀ nínú gbọ̀ngàn tí akẹ́kọ̀ọ́ kún bámúbámú.

Ibi ìpamọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ SSD, irú èyí tí kò ní díìsìkì tí ń yí nínú, tí ó sì yára. 256 GB tó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní sùúrù. Mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra ọ̀kan rí ní Àjàṣẹ́ níbí. Ó mọ́, ó yára, ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ tún Windows rẹ̀ ṣe, ó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ ni ín fi tì í, ẹni tí ó tà á fún wa kò sì mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, mo sì ń wọ ibi ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ kí Windows tó tàn, nípa títẹ F2 bí ó bá jẹ́ Dell, F10 bí ó bá jẹ́ HP, F1 bí ó bá jẹ́ ThinkPad. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, mo dá a padà. Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ yín kọ powercfg /batteryreport sí ojú dúdú tí Windows fi ń gba àṣẹ. Ìwé tí yóò jáde ń fi agbára bátìrì náà nígbà tí ó wà ní tuntun hàn, àti iye tí ó lè gbà nísinsìnyí. Bí ti ìsinsìnyí kò bá tó ìlàjì, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Bí ẹnìkan bá ní òun yóò bá yín rà á wá láti Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà l'Ékòó, nítorí pé Kétu kò jìnnà sí ẹnubodè, ẹ rò ó dáadáa. Orí ṣájà tí ó yàtọ̀ kò já mọ́ nǹkan, wáyà rẹ̀ nìkan ni ẹ óo pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kíbọọ̀dù QWERTY, tí wọ́n to lẹ́tà rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, ni yóò sábà ní, bẹ́ẹ̀ AZERTY ni ó rọrùn jù fún Faransé tí ọmọ yín yóò fi máa kọ iṣẹ́. Bí ó bá sì bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, ta ni yóò gbé e sọdá padà lọ bá ẹni tí ó tà á?

Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà i3 ìran kẹfà ni mò ń lò, RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, díìsìkì tí ń yí ni ó ní, ó sì ń pẹ́ gan-an kí ó tó tàn. Ṣé kí n tà á? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣábẹ

Má tíì tà á, àbúrò. Díìsìkì yẹn ni ó ń fà á sẹ́yìn jù. Fi SSD rọ́pò rẹ̀, kí o sì fi ẹyọ RAM 4 GB kún èyí tó wà bí àyè kejì bá ṣófo. Ka ohun tí wọ́n kọ sára RAM rẹ kí o tó ra òmíràn, nítorí ní ìran kẹfà àwọn kan ń lo oríṣi RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3L, àwọn mìíràn ń lo DDR4, ọ̀kan kò sì wọ ihò èkejì. Nítorí pé Windows 11 kò gba ìran rẹ̀, Linux Mint, ètò mìíràn tí ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni mo dábàá fún ọ: ọ̀fẹ́ ni, LibreOffice tí a fi ń kọ̀wé nínú rẹ̀ sì ń ṣí fáìlì Word, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn géèmù kan kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Da gbogbo iṣẹ́ rẹ kọ sórí USB kí o tó gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.