Ẹ má pa firewall Windows nítorí òfin kan ṣoṣo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí mo gbọ́ nínú ìbéèrè yín ni pé kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìdúmọ̀tà, pé ètò tí ẹ fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà àti gbèsè wà lórí èyí tó wà lókè, àti pé port 9000, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí a fi nọ́ńbà dá mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ni àwọn méjì ìsàlẹ̀ ń gbà dé ibẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti pààrọ̀ router, àwọn ti ìsàlẹ̀ kò rí ti òkè mọ́, àfi ìgbà tí ẹnì kan ní kí ẹ tẹ àṣẹ yìí:

netsh advfirewall set allprofiles state off

Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó pa firewall, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tí Windows fi ń tẹ̀ lé òfin láti yan ohun tó lè wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun rere kan ṣoṣo tí àṣẹ yẹn ṣe ni pé ó jẹ́ ká mọ̀ pé router tuntun náà kò lẹ́bi, ètò yín náà kò sì bàjẹ́: firewall ló dá àwọn ti ìsàlẹ̀ dúró. Nísinsìnyí tí a ti mọ ìyẹn, ẹ fi on rọ́pò off ní ìparí àṣẹ náà, kí ẹ tún un tẹ̀, kí a tó wá ibi tí ìdíwọ́ gan-an wà.

Yàbá ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Erékùṣù Èkó ni ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń bá tọ́jú kọ̀ǹpútà wà, láti Broad Street dé Balógun, ohun tí mo sì máa ń bá níbẹ̀ ni pé Wi-Fi kan náà ni ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́, oníbàárà àti ẹni tó wá já ẹrù ń lò. Bí firewall bá wà ní pípa, gbogbo port tó ń gba ìpè lórí kọ̀ǹpútà òkè ló ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wọn, kì í ṣe 9000 nìkan. Port 445 tí Windows fi ń pín fáìlì wà lára wọn, ibẹ̀ sì ni WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì èèyàn pa kó lè gba owó, gbà wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀, MS17-010, jáde láti oṣù kẹta ọdún náà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan péré tó ti kó fáírọ́ọ̀sì wá láti ibòmíràn tó láti dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, Run as administrator ni kí ẹ fi ṣí Command Prompt, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Windows yóò kàn sọ fún yín pé “The requested operation requires elevation” ni, kò sì ní ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo òfin tó wà nílẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì:

netsh advfirewall export "C:\firewall-atijo.wfw"

Bí ohunkóhun bá dàrú, ẹ fi import sí ààyè export, gbogbo rẹ̀ á sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan á gbà yín níyànjú pé kí ẹ lo reset. Èmi kì í lò ó nínú ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni, torí pé ó máa ń kó gbogbo òfin tí èèyàn tàbí ètò èyíkéyìí ti kọ síbẹ̀ dànù, tí yóò sì dá firewall padà sí bó ṣe wà nígbà tí Windows ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti dá MpsSvc, ìyẹn service tó ń gbé firewall ró, dúró. Microsoft kò fọwọ́ sí i, ó sì lè mú kí Start menu pàápàá kọ̀ láti ṣí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Windows gbà pé òun wà lórí rẹ̀:

netsh advfirewall show currentprofile

Mẹ́ta ni wọ́n, Domain (ti iléeṣẹ́ tó ní server àkóso), Private (èyí tí ẹ fọkàn tán) àti Public (ti gbogbogbòò), òfin tí a bá sì kọ fún ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ lórí èkejì. Router tuntun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ni lójú Windows, àfàìmọ̀ kó má ti kà á sí Public, nígbà tó jẹ́ pé Private nìkan ni ẹni tó fi ètò yín síbẹ̀ kọ òfin tirẹ̀ fún. netsh kò lè yí èyí padà. PowerShell, ojú ìtẹ̀ àṣẹ míràn nínú Windows, ló ń ṣe é, láti Windows 8 wá, òun náà sì ní láti jẹ́ ti administrator:

Get-NetConnectionProfile
Set-NetConnectionProfile -InterfaceAlias "Wi-Fi" -NetworkCategory Private

Orúkọ tí àṣẹ àkọ́kọ́ bá fi hàn yín ni kí ẹ kọ síbi tí mo kọ Wi-Fi sí. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya Wi-Fi àwọn oníbàárà sọ́tọ̀ lórí router náà, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí gbogbo ọjà ń bọ́ sí kì í ṣe Private, ohun yòówù kí ẹ pè é.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ á ti yanjú síbí. Bí kò bá yanjú, a ti dé ibi tí mo ti rí àwọn èèyàn tó fi gbogbo ọ̀sán jìjàkadì. Nígbà tí ètò kan bá kọ́kọ́ fẹ́ gba ìpè láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Windows máa ń gbé àpótí kékeré kan jáde láti béèrè bóyá kí òun gbà fún un. Ọmọ iṣẹ́ tí oníbàárà dúró tì lọ́rùn á tẹ Cancel kí àpótí náà lè kúrò lójú rẹ̀, á sì rò pé òun kò ṣe nǹkan kan. Windows ti kọ òfin sílẹ̀ ní tirẹ̀, ọ̀kan fún TCP, ọ̀kan fún UDP (ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀), pé kí wọ́n dí ètò náà. Bákan náà ló ń rí bí orúkọ tí wọ́n fi wọlé kì í bá ṣe ti administrator. Nínú firewall yìí, òfin tó ń dí ọ̀nà ló ń borí èyí tó ń ṣí i, nítorí náà bí ẹ tilẹ̀ kọ ogún òfin tó ń fàyè gba port 9000, tí ẹyọ kan tó dí ètò yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní wọlé. Mo bá irú rẹ̀ pàdé ní ọ́fíìsì kan ní Marina: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi ti kọ òfin kan náà pẹ̀lú oríṣiríṣi orúkọ, nígbà tí kò sì rójútùú rẹ̀, ó ní àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn ló jẹ̀bi. Òfin ìdènà náà wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó wò ó. Báyìí ni ẹ ṣe lè rí i:

Get-NetFirewallRule -Direction Inbound -Action Block -Enabled True

Bí ẹ bá rí orúkọ ètò yín níbẹ̀, ẹ yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ nìkan yọ ọ́, torí pé delete máa ń pa gbogbo òfin tó bá jẹ́ orúkọ yẹn rẹ́, ìbáà jẹ́ ti àwọlé tàbí ti àjáde. Ẹ dárúkọ ìhà tó wà àti ibi tí ètò náà wà (Oja jẹ́ àpẹẹrẹ, ẹ fi orúkọ àti ibi tí ètò tiyín wà rọ́pò rẹ̀):

netsh advfirewall firewall delete rule name="Oja" dir=in program="C:\Oja\server.exe"

Ẹ wá kọ òfin kan ṣoṣo tó ṣe pàtó:

netsh advfirewall firewall add rule name="Oja 9000" dir=in action=allow protocol=TCP localport=9000 remoteip=localsubnet profile=private

Mo fẹ́ràn localsubnet, ìyẹn gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, níbẹ̀ ju nọ́ńbà kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ. NEPA á mú iná lọ, router á kú, á tún jí, á sì lè pín nọ́ńbà míràn fún àwọn ti ìsàlẹ̀; òfin yìí kò ní bìkítà. Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà òkè nìkan ni kí ẹ ní kí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lórí router, kó má bàa yí padà. Ẹ kíyè sí i pé netsh kì í ráhùn bí ẹ bá tẹ add lẹ́ẹ̀mejì. Òfin méjì tó jọra ló máa kọ, bí àtòkọ òfin ṣe ń kún fún ìdọ̀tí nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí fún yín láti òkèèrè lórí Remote Desktop ní láti ṣọ́ra sí i, torí pé òfin kan tó bá dí port 3389 tí Remote Desktop ń gbà lè ti òun fúnra rẹ̀ síta, kò sì sí ohun tó kù ju kó wá kojú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland Bridge. Kí n tó yí ohunkóhun padà láti Yàbá, mo máa ń ní kí Windows fúnra rẹ̀ dá àwọn òfin àtijọ́ padà láìpẹ́:

schtasks /create /tn DaPada /tr "netsh advfirewall import C:\firewall-atijo.wfw" /sc once /st 15:30 /ru SYSTEM

Bí mo bá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn àyípadà, màá fi schtasks /delete /tn DaPada /f pa á rẹ́ kí aago tó lù. Bí wọ́n bá ti tì mí síta, màá jókòó dúró dè é.

Láti ìsàlẹ̀, ẹ ṣí PowerShell kí ẹ fi èyí dán an wò, pẹ̀lú nọ́ńbà kọ̀ǹpútà òkè yín:

Test-NetConnection 192.168.1.10 -Port 9000

TcpTestSucceeded ni kí ẹ wò. Ẹ má fi ping, àṣẹ tó ń wò bóyá kọ̀ǹpútà kan ń dáhùn, ṣèdájọ́, torí pé firewall lè dí ping kí port 9000 sì wà ní ṣíṣí gbayawu. Bó bá ṣì jẹ́ False, ẹ tẹ èyí lórí kọ̀ǹpútà òkè:

netsh advfirewall set allprofiles logging droppedconnections enable

Ẹ jẹ́ kí àwọn ti ìsàlẹ̀ tún gbìyànjú, kí ẹ wá ṣí C:\Windows\System32\LogFiles\Firewall\pfirewall.log, kí ẹ wá ìlà tó ní DROP àti 9000. Ẹ kọ ìlà yẹn ránṣẹ́ síbí pẹ̀lú ohun tí show currentprofile sọ fún yín, a ó sì máa bá a lọ láti ibẹ̀.