Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Níbi tí oòrùn kì í yọ, ṣé mo lè ṣe náìtì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìbàdàn níbí ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ti gbàwé àṣẹ iṣẹ́ ní Kánádà, wọ́n sì ní àyè wà fún mi ní abúlé kan ní Nunavut, lókè téńté. Owó rẹ̀ dáa. Àmọ́ ọkọ mi ní òun kà á pé oòrùn kì í yọ níbẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Ẹ̀rù náìtì ibẹ̀ ń bà mí. Ṣé orí mi kò ní dàrú? — Ìyá Àánú, Òkè-Àdó.

ÌDÁHÙN: Ìyá Àánú, ọkọ ẹ kò parọ́. Ní Pond Inlet, abúlé kan ní Nunavut tí mo ti ṣiṣẹ́, bí oòrùn bá wọ̀ nínú oṣù Kọkànlá, ó di ìparí oṣù Kìíní kó tó yọjú. Ṣùgbọ́n òkùnkùn kọ́ ni yóò lé ẹ wálé. Ṣé àwa tí a ti fi iná fóònù wá iṣan ọmọ ọwọ́ nígbà tí NEPA múná lọ la ó máa sá fún òkùnkùn? Ìmọ́lẹ̀ ló burú. Nínú oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ rárá. N'Ìbàdàn, bí a bá ti náìtì dé, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì àti ọlọ́gì ni kì í jẹ́ ká sùn. Lọ́hùn-ún, ibi gbogbo pa lọ́lọ́, ojú ẹ á sì là kedere lórí bẹ́ẹ̀dì. Fóìlì tí a fi ń se mọ́ínmọ́ín ni mo lẹ̀ mọ́ fèrèsé mi.

Ohun tó yẹ kó bà ẹ́ lẹ́rù nìyí. Ní UCH, bí aláìsàn bá dákú láago méjì òru, wàá ké sí dókítà tó wà lórí kọ́ọ̀lù, á sáré dé. Ní abúlé wọ̀nyẹn, nọ́ọ̀sì ló ń dá ilé ìwòsàn gbé dúró. Dókítà ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Wàá ṣiṣẹ́ ọ̀sán, wàá tún gbé fóònù sùn. Nínú ìlú àti abúlé 25 tó wà ní Nunavut, títì kankan kò so wọ́n pọ̀. Bàálù ló ń gbé aláìsàn.

Lóru ọjọ́ kan, ìyá kan fi amauti, ẹ̀wù wọn tó ní àpò ìpọnmọ lẹ́yìn, pọn ọmọ ẹ̀ wá. Ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ihò imú ń fẹ̀, àárín egungun ìhà ń wọlé. (Àìsàn àyà àwọn ọmọ ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀ gan-an, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà wà.) Mo fún un ní ọ́síjìn, mo pe dókítà ní Iqaluit, olú ìlú Nunavut, ó ní kí bàálù máa bọ̀. Ìjì yìnyín kò jẹ́ kó gbéra. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni mò ń ka èémí ọmọ náà fún dókítà lórí fóònù. Ó yè, a dúpẹ́.

Ìyá yẹn kò fọhùn púpọ̀. Bí o bá bi wọ́n léèrè, tí wọ́n gbé ìpéǹpéjú sókè, wọ́n gbà nìyẹn. Bí wọ́n bá sún imú jọ, wọ́n kọ̀. Má rò pé wọ́n ń rí ẹ fín o.

O kò sọ wọ́ọ̀dù tí o wà fún mi. Bí o bá ti gbẹ̀bí dáadáa, tí o sì ti ṣe ẹ̀ka ìjàǹbá fún ọdún mélòó kan, máa lọ. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní Qikiqtani, ilé ìwòsàn ńlá Iqaluit, ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Náìtì gidi ni tibẹ̀, ẹnìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ.

Di gààrí àti èlùbọ́ dání. Ìgbà ooru tiwọn nìkan, tí yìnyín orí òkun bá yọ́, ni ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹrù débẹ̀, ọjà wọ́n bí ojú. Má sì ṣí imú sílẹ̀ nínú òtútù -40, ìṣẹ́jú 10 ti tó láti bà á jẹ́.

Kí o tó fọwọ́ síwèé, bi wọ́n: nọ́ọ̀sì mélòó ló ń pín fóònù òru yẹn? Bí mo bá jí ṣiṣẹ́ mọ́jú, ṣé mo lè sùn lọ́jọ́ kejì? Bí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ falẹ̀, ní kí wọ́n wá abúlé mìíràn fún ẹ.