Oorun Tó Ń Kùnni Lẹ́yìn Oúnjẹ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nyanya, ní Abuja, ni mò ń gbé, ọ́fíìsì kan ní Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti jẹ àmàlà ọ̀sán tán, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí. Ọ̀gá wa ní ẹ̀jẹ̀ orí ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ikùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ìfun máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn oúnjẹ, ṣùgbọ́n ara kì í fi ti ọpọlọ ṣeré. Ọkàn ló ń fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń sáré: ẹ̀jẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbà pọ̀ ju èyí tí ikùn ń gbà lọ, síbẹ̀ oorun ò kùn ún.

Ẹ kọ́kọ́ wo òru yín. Ẹni tó jí ní aago 4:30 kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìkóríta AYA tó bẹ̀rẹ̀, tó sì jẹ́ pé aago 11 alẹ́ ló sùn, wákàtí 5 àti ààbọ̀ péré ló sùn. Ó kéré tán, wákàtí 7 ni àgbàlagbà nílò. Ara yóò béèrè èyí tó kù, ọ̀sán ló sì máa ń béèrè rẹ̀, nítorí láàárín aago 1 sí 3, ojú máa ń wúwo fúnra rẹ̀, kódà lára ẹni tí kò jẹ nǹkan kan. Àmàlà kàn bá oorun lẹ́nu ọ̀nà ni.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n oúnjẹ náà ń dá kún un. Bí ìdì 3 lẹ bá ń jẹ, ẹ dín in kù sí 1 àti ààbọ̀, kí ẹ fi gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹja dí àlàfo rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹja àti ọbẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó bu òkèlè. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò ní yára gòkè. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ìgò mínírà 50cl tí wọ́n fi ń ti oúnjẹ lẹ́yìn nìkan lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50. Omi ni kẹ́ ẹ mu.

Ìbéèrè: Láàárín túwó ìrẹsì àti iyán, èwo ló ń fa oorun jù?

Ìdáhùn: Èyí tí ẹ bá jẹ ní àjẹjù ni.

Ìbéèrè: Awakọ̀ Abuja sí Kaduna ni mí. Mo máa ń jẹun yó kí n tó gbéra, obì gbàǹja ni mo sì fi ń lé oorun. Ṣé ó tó?

Ìdáhùn: Kò tó, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀mí èrò sì wà lọ́wọ́ yín. Káfíìnì inú obì máa ń gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì lè rọ́pò oorun. Fèrèsé ṣíṣí àti rédíò aláriwo kì í lé oorun lọ. Ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá ti ń ṣẹ́jú pẹ́, tàbí tí ẹ kò rántí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ẹ yà sí ilé epo tàbí gáréèjì tí èrò wà, ẹ má dúró nínú igbó. Ẹ jẹ obì yín níbẹ̀, kí ẹ sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ẹ bá máa jí, obì ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, oorun á wọra, ẹ ó sì jí pẹ̀lú orí wúwo. Ẹ má jẹ obì nírọ̀lẹ́ o: lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì káfíìnì náà ṣì wà lára.

Ìbéèrè: Màmá wa ní Kano ti pé ẹni ọdún 74. Bí wọ́n bá jẹun tán tí wọ́n dìde, òòyì á kọ́ wọn. Wọ́n ní oúnjẹ yó àwọn ni.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń já wálẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì wọ́pọ̀ lára àgbà, pàápàá àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó jẹun, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 30 àti 60 lẹ́yìn náà, lórí ìjókòó. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín, ẹ kó àkọsílẹ̀ náà àti gbogbo oògùn wọn lọ bá dókítà. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ pín oúnjẹ wọn sí kékeré kékeré, kí wọ́n sì jókòó díẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Bí òùngbẹ àti ìtọ̀ léraléra bá tún wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà wọn wò láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun: bó bá tó 126 mg/dL, kí dókítà gbọ́.