Mátírọ́ọ̀nù wa ò gbà ká yé fi Flagyl wo ìgbẹ́ gbuuru, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ma. CHEW ni mí, òṣìṣẹ́ ìlera ìgboro àti ìgbèríko, ní ilé ìlera kékeré kan lẹ́bàá Kàbà. Mo lọ tréníìnì, wọ́n ní tí ọmọdé bá ń ṣu omi, ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà) àti zinc ni, kì í ṣe Flagyl. Mo dé, mo sọ fún mátírọ́ọ̀nù wa, wọ́n ní àwọn ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: Okun o, àbúrò mi. Jọ̀ọ́, má tíì pe ìyá yẹn lólórí kunkun. Ronú ohun tójú wọn ti rí. Chloroquine ni gbogbo wa ń fún oníbà láyé ọjọ́un, à ń fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀, ìgbà tó dọdún 2005 Nàìjíríà yí i sí ACT, oògùn ibà tó ní artemisinin nínú, torí kòkòrò ibà ò kú sí chloroquine mọ́. Ẹni tí wọ́n ti ní kó da oògùn àná nù rí, tó bá wá gbọ́kàn lé ojú ara ẹ̀ ju ìwé lọ, n ò lè bá a wí.

Ṣùgbọ́n ojú yẹn náà ló ń tàn wá jẹ níbí. Ìgbẹ́ olómi tọ́mọdé ń ṣu, fáírọ́ọ̀sì ló sábà ń fà á, rotavirus wà nínú wọn, Flagyl ò sì ń pa fáírọ́ọ̀sì. Ìgbẹ́ yẹn máa dá fúnra ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. O fún un ní Flagyl lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Tọ́sìdè ìgbẹ́ dá, ìyá ọmọ wá dúpẹ́, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ì bá dá náà ká ní o ò fún un? Èmi náà gba irú ọpẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbẹ́ tẹ́jẹ̀ bá wà níbẹ̀ lọ́rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ o.

Omi tó ń tán lára ló ń pa ọmọ. Wọ́n gbé ọmọ kan wá bá mi láti oko lọ́nà Ìsánlú, àwùjẹ̀ ẹ̀ ti jìn wọnú, mo fa awọ ikùn ẹ̀, awọ yẹn dúró bẹ́ẹ̀ kó tó rọra padà, ìgò Flagyl sì wà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìyá yẹn ò ṣahun, ó rówó ra oògùn, àwa tó yẹ ká sọ̀rọ̀ omi fún un la ò sọ. Ọmọ yẹn yè, a dúpẹ́.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Gregory Aarons, ṣe ìbéèrè 15 jáde lọ́dún 2004 láti fi mọ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń gba ohun tí ìwádìí ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ló ń wò: ṣé á ṣe é tí ọ̀gá bá pàṣẹ, ṣé á ṣe é tó bá wù ú tó sì yé e, ṣé ó máa ń fẹ́ dán nǹkan tuntun wò, àbí ó gbà pé ìrírí òun ju ìwádìí lọ. Ti mátírọ́ọ̀nù yín, ìkẹrin ló le jù, àmọ́ àwọn àgbà nọ́ọ̀sì tí mo mọ̀, wọn kì í fojú di àṣẹ tó wà lákọsílẹ̀. Torí náà má sọ pé "wọ́n ní ní tréníìnì". Mú Standing Order, ìwé ìlànà ìtọ́jú tí ẹ̀yin CHEW ń tẹ̀ lé, lọ bá wọn nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjì péré, ṣí i síbi ìgbẹ́ gbuuru, kúnlẹ̀, ní kí wọ́n bá ẹ kà á.

Lẹ́yìn náà, tọrọ oṣù kan lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ọmọ tó bá gba ORS àti zinc, kọ ọjọ́ tó wá àti ọjọ́ tí ìgbẹ́ dá sínú ìwé, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Àwọn ìyá náà á bi ẹ́ pé ṣé omi lásán làwọn gun ọ̀kadà wá gbà. Pò ó níwájú wọn: sachet tó bá jẹ́ ti lítà kan, pure water méjì. Zinc, yọ́ ọ sínú omi ọyàn lórí ṣíbí, 20 mg lójúmọ́, ààbọ̀ ẹ̀ fọ́mọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ dá lọ́jọ́ kẹta.

Tí wọ́n bá ṣì fi Flagyl kún un, má bá wọn jiyàn níṣojú ìyá ọmọ, ṣáà rí i pé ọmọ yẹn mu ORS kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín.