Mọ́tò tó ń gbóná ní gosló nìkan: ẹ má tíì sanwó top gasket

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà mọ́tò o. Ẹ ní Corolla 2005 yín máa ń gbóná tẹ́ ẹ bá ti wọ gosló, tẹ́ ẹ bá ti bọ́ sí ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì abẹ́rẹ́ ìgbóná á tún wálẹ̀, mẹkáníkì wá ní top gasket ni, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń dí àárín head àti block ẹ́ńjìn, kẹ́ ẹ lọ wá owó wá kóun lè tú ẹ́ńjìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún un ní kọ́bọ̀. Ìdáhùn ti wà nínú ohun tẹ́ ẹ kọ: gosló ló ti ń gbóná, kì í gbóná lórí eré.

Tí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ sí rédíétọ̀, fáànù ò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ kankan ṣe. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dúró sójú kan ní Ìwó Road n'Ìbàdàn, atẹ́gùn yẹn ò sí mọ́, fáànù nìkan ló kù, tí kò bá wá yí, omi á máa gbóná lọ ni. Top gasket tó ti bàjẹ́ kì í fara balẹ̀ lórí eré, orí eré àti òkè ló tiẹ̀ máa ń dààmú èèyàn jù.

Owó ni mo fi kọ́ èyí. Mọ́tò tèmi ṣe irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mẹkáníkì kan pààrọ̀ rédíétọ̀, ó pààrọ̀ water pump, ó yọ thermostat (fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìn á fi gbóná) sọnù, owó ń lọ, abẹ́rẹ́ ń gòkè. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo gbé mọ́tò jókòó sílé ní Sátidé kan, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sitáátì ẹ̀, mo tan AC. Fáànù ò mira rárá. Mo ṣí àpótí fíúùsì, fíúùsì dáa, mo wá fa relay fáànù (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún un) yọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti dúdú kirikiri, ike ihò tó ń wọ̀ sí ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣì ń rùn iná. Relay lásán, tí kò ju ìka méjì lọ! Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ nǹkan lára mọ́tò mi tí mi ò bá tíì rí ẹ̀rí.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ́ńjìn tutù láàárọ̀, kẹ́ ẹ wo omi inú rédíétọ̀ bóyá ó pé, ẹ dé e padà, ẹ wá sitáátì kẹ́ ẹ sì tan AC. Tí AC yín bá ní gáàsì, ó yẹ kí fáànù yí láìpẹ́. Tí kò bá ní, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró títí táá fi gbóná dáadáa. Tí fáànù ò bá yí, ẹ pa á, ẹ wo fíúùsì, lẹ́yìn náà ẹ wá relay míì nínú àpótí yẹn tí nọ́ńbà ara ẹ̀ bá ti fáànù mu, kẹ́ ẹ fi dán an wò. Tó bá yí, ó parí. Tí ò bá yí, ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù yọ, ẹ fi wáyà tó ní fíúùsì gbé iná bátìrì fún un tààrà: tó bá yí, mótò fáànù dáa, ara wáyà tàbí sensor tó ń wọn ìgbóná omi ni kẹ́ ẹ máa wá lọ, tí ò bá sì yí, fáànù ti kú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kọ́wọ́ àti aṣọ yín jìnnà sí abẹ́ ẹ̀ o, ó lè ṣàdédé yí kódà tí ẹ́ńjìn ti kú tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lójú iná. Ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó bá gbóná láéláé, ìdérí yẹn ló ń há omi mọ́lẹ̀ tí ò fi hó ní 100°C, tẹ́ ẹ bá tú u báyìí á hó lẹ́ẹ̀kan náà á sì tú sójú yín.

Ẹ tún lọ ra scanner kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, wọ́n ń pè é ní ELM327. Gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò OBD2 tí wọ́n ń ki scanner bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tókunbọ̀ yín náà ní in. Abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń dúró sáàárín pẹ̀ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ìgbà tó bá fi máa gòkè, nǹkan ti ń bàjẹ́, àmọ́ scanner á sọ iye tó jẹ́ gan-an fún yín. Lórí Corolla yẹn thermostat á ṣí ní nǹkan bíi 82°C, fáànù á gbà á tó bá ti ń sún mọ́ 95, iye náà á sì wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 105 tí fáànù ṣì dákẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìn. Ṣùgbọ́n kóòdù tí scanner bá gbé jáde kì í ṣe orúkọ ohun tẹ́ ẹ máa rà o. P0171 ò ní kẹ́ ẹ lọ ra oxygen sensor, ó kàn ní atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ ni, ó sì lè jẹ́ rọ́bà intake, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìn, ló ya.

Ọ̀rọ̀ yíyọ thermostat yìí máa ń bí mi nínú gan-an. Wọ́n á ní "oyinbo ló nílò ẹ̀, ilẹ̀ wa gbóná". Irọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìn ò ní tètè gbóná débi tó yẹ, kọ̀ǹpútà á rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo sí i, ẹ̀yin lẹ máa sanwó bẹntiróò, iná check engine á sì tún jáde pẹ̀lú P0128. Àwọn rìwáyà tó máa ń so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà náà, àìsàn ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀.

Kí n má tan yín, top gasket máa ń bàjẹ́ lóòótọ́. Omi á máa dín láìsí pé ó ń jò síta, èéfín funfun á máa jáde lẹ́yìn tí ẹ́ńjìn ti gbóná, hose òkè á le gbagidi láìpẹ́ tẹ́ ẹ bá sitáátì ẹ̀ ní tútù, nígbà míì ọ́ìlì á dà bíi mílíìkì. Omi aláwọ̀ búlúù kan tún wà tí wọ́n fi ń dán ojú rédíétọ̀ wò, tí gáàsì ẹ́ńjìn bá ń wọnú omi, á di yẹ́lò. Ẹ ní kí mẹkáníkì fi ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí hàn yín kó tó fọwọ́ kan bóòtù. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Camry Big Daddy 2.4, tiyín tún le díẹ̀, okùn bóòtù head máa ń fà yọ lára block lápá ẹ̀yìn, gasket tuntun nìkan ò ní ràn án.)

Tó bá wá jẹ́ relay, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà páàtì Àrárọ̀mí ní Gate, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà àti ẹsẹ̀ ẹ̀ wéra kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ wo ihò tó ń wọ̀ sí pẹ̀lú, tí ike ẹ̀ bá ti yọ́, kí rìwáyà pààrọ̀ ihò náà àti wáyà ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun á tún jóná. Tí wọ́n bá sì ti yọ thermostat yín, ẹ ra òmíràn síbẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá 82 ló wà lára ẹ̀.